Omi Ẹsẹ̀ Ìyàwó

Ní ọjọ́ Àlámìísì tó jẹ́ ọjọ́ kejì Iléyá, aago ògiri bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lu mẹ́wàá òwúrọ̀ tán nígbà tí mo dìde láàárín agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, tí mo ní mo fẹ́ bi Ìyá Àgbà ní nǹkan kan. Aago mẹ́wàá náà dá mi lójú, nítorí pé mo ti ń ka ìró rẹ̀ láti ìkíní, mo sì ti bá ara mi ṣàdéhùn pé bó bá ti lu ìkẹwàá ni n óò dìde. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Nínú ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, èyí tí mo fi ojú ara mi rí, n óò sọ ọ́ bí ohun tí mo rí. Èyí tí wọ́n sọ fún mi, n óò sọ ẹni tó sọ ọ́. Èyí tí mo rò lásán, n óò ní mo rò ó ni. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà lè kéré lójú ẹni tí kò gbé agbo ilé rí, ṣùgbọ́n òun ló kọ́ mi ní ohun tí ẹ̀sín jẹ́. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni dójú tì mí. Èmi ni mo dójú ti ènìyàn.

Ilé wa kò jìnnà sí Ọjà'ba. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́sàn-án á gbọ́ ariwo ọjà bí ẹni gbọ́ ìró oyin nínú igi. Bó bá gbójú sókè, òrùlé páànù tó ti pọ́n ni yóò máa rí, ọ̀kan lórí ìkejì, títí dé ẹsẹ̀ òkè Màpó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ariwo ọjà ló máa ń jí mi. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí ojú tó mọ́ dáadáa, n óò kọ́kọ́ gbọ́ igbá tó ń bu omi, n óò gbọ́ ọwọ́ lára aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì, ṣùà, ṣùà, n óò gbọ́ igi tó ń ta nínú iná, lẹ́yìn náà ni n óò gbọ́ ohùn Ìyá Gàníyù. Ẹ̀kọ ni àwọn obìnrin ilé wa ń ṣe tà. Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí apá rẹ̀ kò ká omorógùn mọ́, kò fa ìkòkò náà lé ìyálé ìyá mi lọ́wọ́, kò fà á lé ìyá mi lọ́wọ́. Ìyá Gàníyù, aya àbúrò bàbá mi, ló fà á lé lọ́wọ́, nítorí ó ní òun nìkan ni kì í ro ẹ̀kọ pẹ̀lú ìbínú. Obìnrin gíga ni, ó dúdú, imú ló máa ń gba rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ àwa ọmọdé ni kí a máa nu ewé tí yóò fi dì í, kí a tò ó léra, kí eruku má baà wà lára rẹ̀. Òun ni yóò pè wá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a sì ti ń jáde ni n óò ti máa fetí sílẹ̀ sí bó ti ń pe olúkúlùkù.

Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Gbogbo wa la mọ òfin yìí kí a tó mọ alífáà. Ìbáà jẹ́ ọmọ ìkókó tí wọ́n bí láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó wọlé nírọ̀lẹ́, ìbáà sì ṣe obìnrin, ọkọ rẹ̀ ni. Ó ní láti wá orúkọ mìíràn tó bá ìrísí tàbí ìwà ọmọ náà mu, òun ni yóò sì máa fi pè é títí ayé. Ìyá Gàníyù mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, Agúntáṣọọ́lò ló sọ ọ́. Ọ̀kan tó máa ń kó ìwé káàkiri, Akọ̀wé ló sọ ọ́, títí tó fi gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé kéwú. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tó ti wọlé, ó ń pe àwọn yẹn lórúkọ wọn gan-an, nítorí pé ìyá ni òun jẹ́ sí wọn, wọn kì í ṣe ọkọ rẹ̀.

Múnírátù, ọmọ ìyálé ìyá mi, fi ọjọ́ mẹ́tàdínlógún jù mí lọ. Bàbá kan náà ló bí wa, ẹ̀yìn ilé kan náà la ti ń wẹ̀, aṣọ kan náà ni wọ́n máa ń gé fún wa lọ́dọọdún, bí tèmi bá sì gbó ṣáájú tirẹ̀, wọ́n á bú mi. Ṣùgbọ́n Eyínfúnjowó ni Ìyá Gàníyù ń pè é. "Eyínfúnjowó mi! Ọkọ mi àtàtà, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Á kúnlẹ̀, tòun ti omorógùn lọ́wọ́. Múnírátù á gbé àgbọ̀n sókè, á ní, "Ìyàwó, mo sùn," á rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ á sì funfun lóòótọ́. N kò lè purọ́ mọ́ eyín rẹ̀. Lẹ́yìn náà Ìyá Gàníyù á kọjú sí mi: "Ráfíátù! Ráfí! Ṣé ojú oorun lo fi wà níbẹ̀ yẹn? Bọ́ síbí, ewé ń dúró dè ọ́." Èmi ni n óò kúnlẹ̀ nígbà náà. Èmi ni n óò ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Gàníyù." Àwa méjì tí olúkúlùkù ń fa ọmú ìyá rẹ̀ nínú ilé kan náà, ọ̀kan ń gba ìkúnlẹ̀, èkejì ń kúnlẹ̀, lójú kan náà, ní àárọ̀ kan náà.

Mo ti gbìyànjú láti wọn ìlara yẹn bó ti rí gan-an. Kì í ṣe pé Ìyá Gàníyù kò fẹ́ràn mi. Bí mo bá rò ó dáadáa báyìí, èmi ló máa ń ha ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò fún, á fi ṣíbí onígi ha á, á kó o sínú ewé, á ní kí n sáré jẹ ẹ́ kí àwọn tó kù tó dé. Kò fún Múnírátù jẹ rí lójú mi, nítorí a kì í fún ọkọ ní èyí tó jó. Èmi ló máa ń ní kí n jókòó ti òun. Orí mi ló máa ń nu ọwọ́ omi sí bó bá fẹ́ ṣeré. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í ka èyí tó ń wọ ẹnu rẹ̀. Èyí tó ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ló ń kà. Mo ka orúnkún. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan mo ń ka iye ìgbà tí orúnkún Ìyá Gàníyù kan ilẹ̀ fún Múnírátù, bí mo bá sì lọ sùn, mo máa ń rò ó pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún péré ni. Kí ló wà nínú ọjọ́ mẹ́tàdínlógún?

Ọdún náà gan-an, ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí Iléyá, Ìyá Àgbà jókòó lórí àpótí, mo ń fi òrí pa á lẹ́sẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó wò mí, ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n bí ìwọ yìí, ojú mi rí màbo. Ìyá rẹ ń rọbí nínú yàrá, wọ́n ń mú ìyàwó bọ̀ lójú ọ̀nà. Omi tí mo pọn sílẹ̀ láti fi wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó, ara rẹ ni mo dà á sí. Ìyàwó wà lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ lórí, títí a fi rí omi mìíràn." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ta ni ìyàwó tí wọ́n mú wá lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi? Ìyá Gàníyù ni. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bí ẹni gbé ẹyin sí oòrùn. Wọ́n ti wẹ̀ mí kí wọ́n tó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti bí i. Ìyàwó tí wọn kò ì tí ì wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò ì tí ì wọlé. Nítorí náà ó bá mi nílé. Ọkọ rẹ̀ ni mí. Mo wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti lè jò, n kò rí i. Títí di òní, bí mo bá rántí bí inú mi ti dùn tó lẹ́bàá àpótí yẹn, ojú máa ń tì mí díẹ̀, nítorí pé n kò tún ní irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ lórí ìwé kankan tí mo kà ní yunifásítì.

N kò sọ fún ìyá mi. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ níwájú gbogbo ènìyàn, mo sì mọ ọjọ́ tí yóò jẹ́. Ọjọ́ kejì Iléyá ni wọ́n máa ń pín ẹran nílé wa, bí wọ́n sì ti ń pín in, n kò rí i ní ilé mìíràn. Wọn kì í pín ti ìyàwó lọ́tọ̀ kí wọ́n pín ti ọmọ lọ́tọ̀. Ìlà kan ni, bí olúkúlùkù ti dé inú ilé: ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìyàwó, ọjọ́ tí wọ́n wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń pè, kálukú á wá mú èyí tó wù ú nínú èyí tó kù. Múnírátù ló máa ń mú, Ìyá Gàníyù á tẹ̀ lé e, èmi á tẹ̀ lé Ìyá Gàníyù. Lójú gbogbo ilé, obìnrin kan ló wà láàárín èmi àti Múnírátù.

Lọ́jọ́ náà wọ́n ti to ẹran sórí ewé. Àbúrò bàbá mi, Bàbá Gàníyù, mú ọ̀bẹ dání, Ìyá Àgbà jókòó lórí ẹní, ó ń pe ìlà. Múnírátù ti mú tirẹ̀, ó mú egungun tó ní mùdùnmúdùn. Ìyá Gàníyù ti gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ń bọ̀. Aago lu ìkẹwàá.

Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan."

"Ṣé kò lè dúró ká pín ẹran tán ni?"

"Kò lè dúró. Omi wo lẹ fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi?"

Bàbá Gàníyù gbé ọ̀bẹ dúró. "Omi wo kẹ̀? Omi odò Ògùnpa ni! Òun ló jẹ́ kí ẹnu rẹ máa ṣàn báyìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ìyá Àgbà fúnra wọn ló sọ pé omi ẹsẹ̀ ìyàwó ni. Wọ́n ní wọ́n ti wẹ̀ mí tán, Ìyá Gàníyù ṣì wà níta, aṣọ wà lórí wọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ìyá Àgbà wò mí pẹ́. "Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé nígbà náà. Wọ́n bá mi nílé bí wọ́n ṣe bá Múnírátù nílé. Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè mí lórúkọ? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn wọn ni mo ti ń mú ẹran?"

Ariwo sọ. "Yéè! Ẹ wá wo lọ́yà!" ni ìyálé ìyá mi wí, ó ń fọwọ́ lu itan. "Lọ́yà Ìsàlẹ̀ Òsì!" Bàbá Gàníyù dọ̀bálẹ̀ fún mi tòun tọ̀bẹ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, olúwa mi, ẹ má gbé ìyàwó mi lọ kóòtù Màpó. Ọdún la wà." Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó, o gbọ́. Kí lo rí sọ sí i?"

Ohun tí mo rí nìyí. Ìyá Gàníyù kò wò mí. Ìyá mi ló wò, tó jókòó sẹ́bàá ìkòkò ògì, tó gbé àbúrò mi sẹ́sẹ̀. Ìyá mi ń fa òwú kan létí ìró rẹ̀. Kò gbójú sókè. Lẹ́yìn náà Ìyá Gàníyù kúnlẹ̀ níwájú mi, orúnkún méjèèjì, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ má bínú, ọkọ mi. Àìmọ̀ ló ṣe mí. Láti òní lọ, Àkọ́dé lẹ̀ ń jẹ́ lẹ́nu mi. Àkọ́dé, ẹ wá mú ẹran yín kí n tó mú tèmi."

Mo rò pé yóò parí síbẹ̀. N kò rántí pé ìtanràn wà. Nílé wa, ìyàwó tó bá ṣèèṣì pe ọkọ lórúkọ, yóò pọn ọkọ náà yí agbo ilé ká lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ìyàwó tó kù á sì máa fi orin lé e. Eré ni. Ọmọ ọdún méjì mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń pọ̀n bẹ́ẹ̀. Ìyálé ìyá mi ló kọ́kọ́ ké e: "Ọdún mẹ́sàn-án! Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi pe ọkọ lórúkọ! Kó pọ̀n ọ́n o!" Ni wọ́n bá dá orin sílẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́:

Ìyàwó p'ọkọ lórúkọ,
Ẹ gbé ọkọ fún un,
Ẹni tó mọ̀ ọ́n pè
Á mọ̀ ọ́n pọ̀n.

Ìyá Gàníyù bẹ̀rẹ̀. Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi ọ̀já rẹ̀ gbà mí dì. Mo ti gùn jù. Ẹsẹ̀ mi ń gbá a ní orúnkún, ó ní láti tẹ̀ síwájú kí n má baà yọ̀. Ní ìyípo kìíní, ojú Múnírátù ni mo ń wá kiri. Mo fẹ́ kó rí mi. Ó ń fa mùdùnmúdùn inú egungun, kò gbójú sókè. Ní ìyípo kejì, àwọn ará ilé kejì ti dé ẹnu ọ̀nà wa láti wòran, ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ èkejì pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ní ìyípo kẹta, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ọrùn Ìyá Gàníyù, ó tutù. Òógùn ni tàbí omijé, n kò lè sọ. Mo mọ̀ pé ó ń rọra sọ nǹkan kan, nítorí mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn rẹ̀ sínú àyà mi. N kò gbọ́ ohun tó jẹ́. Nígbà tó sọ̀ mí kalẹ̀, ó tún kúnlẹ̀, ó sì lọ mú ẹran tó kù.

Ìyá Àgbà máa ń wí pé ikú yá ju ẹ̀sín. Mo ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, n kò sì gbà á mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kí ojú tó mọ́, mo gbọ́ igbá tó ń bu omi, mo gbọ́ ṣùà, ṣùà. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀sín lánàá ti jí ṣáájú gbogbo ènìyàn, ó ń sẹ́ ògì tí àwọn tó fi í ṣẹ̀sín máa tà. Bóyá ohun tí òwe náà ń sọ ni pé ikú rọrùn ju ẹ̀sín lọ. Ìyẹn, mo lè gbà á.

Mo sáré jáde lọ́jọ́ náà kó lè pè mí. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀. "Àkọ́dé, ẹ kú àárọ̀. Ẹ ò jí dáadáa bí?" Ohùn náà tọ́. Kò sí àrífín níbẹ̀, kò sí ẹ̀gàn. Lẹ́yìn náà Múnírátù jáde, mo sì gbọ́ "Eyínfúnjowó mi! Ọkọ mi àtàtà!" Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé n kò rí ohun tí mo ń wá gbà. Orúkọ tó fún Múnírátù, ojú ló fi wò ó kó tó rí i. Eyín rẹ̀ ló rí. Tèmi, ẹjọ́ ni mo fi gbà á. Mo sì ti sọ èyí tí mo ní tẹ́lẹ̀ nù, nítorí a kì í rán ọkọ níṣẹ́. Mo lọ jókòó ti ewé, ó ní, "Rárá o, Àkọ́dé, ẹ lọ jókòó yín," ó sì pe ọmọ kékeré kan kó wá nù ún. Ìdí ìkòkò, ọmọ kékeré náà ló ń ha á fún. Mo ń dúró lẹ́bàá ògiri, mo ń wo ẹnu ọmọ náà bó ti ń jẹ. Ìlara ẹnì kan ni mo ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó di ti ẹni méjì. Títí mo fi lọ sílé ìwé tí a ti ń gbé, n kò tún gbọ́ Ráfíátù lẹ́nu Ìyá Gàníyù mọ́.

Ìyá mi ló sọ èyí tó kù fún mi, ní ọ̀sẹ̀ tí èsì ìdánwò àṣekágbá mi ní yunifásítì jáde. Ó ń di irun fún mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀, n kò lè rí ojú rẹ̀. N óò kọ ọ́ bó ti sọ ọ́. Ó ní lẹ́yìn ìrun alásàrí ni òun bẹ̀rẹ̀ sí rọbí. Gbogbo obìnrin ilé wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń dúró de ìyàwó. Ìyá Àgbà nìkan ló wà lọ́dọ̀ òun, Ìyá Àgbà náà sì jáde láti lọ wá abẹ tí yóò fi gé ìwọ́. Nígbà tí wọ́n mú ìyàwó dé, wọ́n ní kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé títí Ìyá Àgbà yóò fi wá wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó gbọ́ igbe láti ẹ̀yìn ilé. Ó gba ọ̀nà ibi tí wọ́n ń sẹ́ ògì wọlé, aṣọ ìyàwó lórí, ẹsẹ̀ eruku, ó di ìyá mi mú láti ẹ̀yìn, ó ní kó fara ti òun. Lẹ́yìn náà ó bọ́ síwájú. "Ọwọ́ rẹ̀ lo bọ́ sí," ni ìyá mi wí. "Kì í ṣe ọwọ́ Ìyá Àgbà. Nígbà tí Ìyá Àgbà fi dé, ìyàwó ti gba ibi tó gbà wọlé jáde, ó ti lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó yí apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ta sí lára aṣọ rẹ̀ sínú."

Mo ní, "Kí ló dé tí kò sọ ọ́ lọ́jọ́ ẹran?"

"Kó ní kí ni? Kó ní òun fi ẹsẹ̀ àìwẹ̀ wọlé ọkọ? Bàbá Àgbà yín kò pé ogójì ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó kú. Ta ni kò ní sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kó ikú wọlé? Wọ́n á dá a padà sílé bàbá rẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin náà jókòó níbẹ̀."

Ọwọ́ ìyá mi dúró nínú irun mi. Ó ní, "Mo lè sọ fún un pé kó jókòó, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Mo lè bú ọ, kó sì tán. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń wo ọmọ ìyálé mi tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún. Mo fẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀ fún tèmi náà." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí di irun. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwa méjì la jọ ń ka orúnkún náà.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ ìyá mi sórí ìwọ̀n. Kò jèrè nǹkan kan níbẹ̀. Ó tilẹ̀ fi sọ ohun tí kò dára nípa ara rẹ̀, mo sì máa ń gba ẹni tó bá jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀ gbọ́. Ìyá Àgbà ti kú, n kò lè bi í bóyá ó mọ̀, bóyá torí ẹ̀ ni kò ṣe rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ òótọ́, mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ń jò. Mo ti gbà tẹ́lẹ̀ pé omi ni ìwọlé, àṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọlé kí omi tó kàn án. Ẹni tí mo fi bí mo ti dé inú ilé dójú tì, òun ló kọ́kọ́ gbé mi nínú ilé náà, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti pè mí lórúkọ ju ìyá tó bí Múnírátù lọ.

Ẹnì kan ló kù tó lè sọ ọ́. Mo lọ bá a ní ọjọ́ Àlámìísì kan, lẹ́yìn ìrun alásàrí. Múnírátù náà wá kí ilé lọ́jọ́ náà láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ bí mo ti ń kọjá. Ìyá Gàníyù nìkan ló jókòó ní ẹ̀yìn ilé, ó ń di ẹ̀kọ. Ewú ti yọ létí ìwérí rẹ̀. Ó rí mi, ó fẹ́ kúnlẹ̀: "Àkọ́dé! Ọkọ mi oníwèé!" Mo yára kúnlẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní mo ń kúnlẹ̀ fún ọkọ mi, ọkọ mi ń kúnlẹ̀ fún mi ni?"

"Ìyá mi ti sọ fún mi."

Ó mú ewé mìíràn, ó ká a, ó da ẹ̀kọ sí i. "Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ọwọ́ yín ni mo bọ́ sí."

Ó dì í. Ó dì méjì sí i. "Ìyá yín ń rọbí lọ́jọ́ náà," ó wí. "Ẹni tó ń rọbí, kí ló fẹ́ rí tí yóò dá a lójú?"

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Mo ní, "Ẹ̀yin ò rọbí, Ìyá Gàníyù. Ṣé ẹ wọlé, àbí ẹ ò wọlé?"

"Àkọ́dé, Bàbá Àgbà ti kú. Ìyá Àgbà ti kú. Ẹsẹ̀ mi yìí, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́."

Mo ní, "Ẹ pè mí lórúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà náà. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín gba imú. Ó gbé ewé ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ láìtíì dì í, ó wò mí, ojú tó fi ń wò mí nígbà tó bá ń ha ìdí ìkòkò. Ẹnu rẹ̀ là. Mo rí ahọ́n rẹ̀ tó gbé sókè.

Múnírátù ké láti ọ̀ọ̀dẹ̀: "Ìyàwó! Ìyàwó wa dà? Wọ́n ní o wà nílé!"

"Eyínfúnjowó mi!" Ohùn náà gba orí mi kọjá, odindi, bó ti ń rí láàárọ̀ gbogbo ọdún yẹn. "Ọkọ mi àtàtà! Mò ń bọ̀ o, mò ń bọ̀!" Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì lọ. N kò lè búra pé orúkọ mi ni ahọ́n yẹn fẹ́ pè. Èyí tí mo lè jẹ́rìí sí kò ju pé ewé tó gbé kalẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ níwájú mi, ẹ̀kọ inú rẹ̀ kò ì tí ì dì, ó sì ṣì gbóná.